Odogunyan sí Ìlọrin, àlọ àti àbọ̀

DAF ẹlẹ́táyà mẹ́wàá ni mọ́tò mi, ogún tọ́ọ̀nù ló ń gbé. Èmi ni mo ni ín, èmi náà ni mo ń wà á, Ìkòròdú sì ni mo ń gbé. Àwọn àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra mọ́tò, pàápàá àwọn tó gbà á ní sísan díẹ̀díẹ̀, máa ń bi mí pé ẹrù wo ló lówó lórí jù. Ìbéèrè yẹn máa ń dùn mí, torí òun ló ń gba mọ́tò padà lọ́wọ́ wọn. Iye tí ẹlẹ́rù bá pè, èmi kì í fi ṣe nǹkan kan. Ohun tí mò ń wò ni èyí tó máa ṣẹ́kù nígbà tí mọ́tò bá padà dé Ìkòròdú, kí n wá pín in sí iye ọjọ́ tó fi rìn. Mo kọ ìrìn-àjò ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ bó ṣe lọ, tòun ti owó rẹ̀ nígbà náà.

Ọjọ́ Àìkú, Ìkòròdú

Mi ò gbé ẹrù lónìí. Èmi àti ọmọ mọ́tò mi lọ síbi tí mọ́tò wà ní Odogunyan, l'Ìkòròdú níbí. A fi igi lu táyà lọ́kọ̀ọ̀kan láti gbọ́ èyí tí atẹ́gùn rẹ̀ ti ń sá, a wo ọ́ìlì, a tú tàpólì tí a fi ń bo ẹrù sílẹ̀ a sì rí ihò méjì lára rẹ̀. Ọmọ mọ́tò rán wọn.

Inú ìwé ni iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú wà. Mo ní ìwé kan tí mo fi ń ṣírò ohun tí mọ́tò ń jẹ lójúmọ́, ìbáà rìn, ìbáà má rìn. Ẹ wo táyà nìkan. Èyí tó dáa ń lọ sí bíi ₦400,000 lọ́wọ́ àwọn tí mò ń rà á lọ́wọ́ wọn. Mẹ́wàá jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin. Lójú ọ̀nà tiwa yìí, bí wọ́n bá lo irinwó ọjọ́, mo dúpẹ́. A jẹ́ pé ₦10,000 ń jáde lára táyà lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ tí mi ò rí kọ́bọ̀. Ọ́ìlì àti àtúnṣe, mo fi ₦15,000 sí i. Ọmọ mọ́tò, ₦5,000. Ìwé mọ́tò àti ìbánigbófò, ₦2,000. Owó iṣẹ́ tèmi gẹ́gẹ́ bíi dẹ́rẹ́bà, ₦13,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦45,000 lójúmọ́.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wa mọ́tò ara rẹ̀ kì í ka owó iṣẹ́ tirẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n á ní ara àwọn làwọn ń ṣe é fún. Ṣùgbọ́n bí o bá gba dẹ́rẹ́bà, ṣé ọ̀fẹ́ ni yóò wà á? Bí ẹrù kan kò bá lè san owó dẹ́rẹ́bà, ẹrù náà kò pé, kódà bó jẹ́ ìwọ fúnra rẹ lo jókòó sídìí ọwọ́ ọkọ̀.

Ọjọ́ Ajé, Ìkòròdú

Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ẹrù méjì ti wà nílẹ̀. Alárinà kan pè mí láti Ògijo: irin ìkọ́lé tó ń lọ sí Onitsha, ₦1,150,000. Èkejì wá láti orí WhatsApp: páálí ọṣẹ láti ilé-iṣẹ́ kan ní Odogunyan, Ìlọrin ló ń lọ, ₦640,000. Nígbà tí àwọn bíi Kobo360, tó ń fi fóònù so ẹlẹ́rù pọ̀ mọ́ ọlọ́kọ̀, dé ní nǹkan bí ọdún 2017, ọ̀pọ̀ wa rò pé alárinà ti tán. Wọn ò tán. Fóònù wulẹ̀ fi kún iye ibi tí ìpè ti ń wọlé ni, ìṣírò sì ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni mọ́tò.

Ọmọ mọ́tò mi gbọ́ mílíọ̀nù kan àti díẹ̀, ojú rẹ̀ là. Mo ní kó wá jókòó ká jọ kà á.

Ìkòròdú sí Onitsha lé ní irinwó kìlómítà, mo fi í sí 430. Tí mọ́tò mi bá ru ẹrù, kìlómítà méjì ló ń fi lítà dísẹ̀lì kan rìn. Bó bá ṣófo, mẹ́ta. Àlọ á mu lítà 215, àbọ̀ lófìfo á mu bíi 143. Lítà 358 nìyẹn. Ní ₦1,100 lítà kan, ó jẹ́ ₦393,800. Alárinà á gba ìdá mẹ́wàá, ₦115,000. Owó ojú ọ̀nà, oúnjẹ àti ibi ìgbọ́kọ̀sí, ₦90,000. Ó ku ₦551,200. Ó ṣì dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó ni? Ọjọ́ kan fún kíkó ẹrù, méjì lójú ọ̀nà, ó kéré tán méjì kí wọ́n tó já irin lọ́jà, méjì fún àbọ̀. Ọjọ́ méje. Mọ́tò á ti jẹ ₦315,000 nínú rẹ̀. Ohun tó kù kò ju ₦236,200 lọ. Bí a bá pín in sí méje, ₦33,700 àti díẹ̀ lójúmọ́ ni.

Mo kà á ní òfìfo bọ̀ nítorí pé mi ò ní ẹni tó lè bá mi wá ẹrù àbọ̀ lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ní ènìyàn ní Onitsha, ìṣírò tirẹ̀ á yàtọ̀ gedegbe, kó gbé irin náà tayọ̀tayọ̀.

Ìlọrin wá ńkọ́? Bí mo bá já ọṣẹ tán tí mo sì padà lófìfo, mo máa lo lítà 242, ₦266,200. Alárinà ₦64,000, ojú ọ̀nà ₦60,000. Ó ku ₦249,800. Ọjọ́ mẹ́rin jẹ ₦180,000 nínú rẹ̀. ₦17,450 lójúmọ́ ló kù. Onitsha sàn jù ú ní ìlọ́po méjì ó dín díẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń dúró sí nìyẹn, wọ́n á sì gba Onitsha. Èmi gbé fóònù, mo pe màmá kan tó ń ra kajú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àsìkò kajú nìyí. Láti nǹkan bí oṣù kejì ni wọ́n ti ń ṣa á káàkiri Ògbómọ̀ṣọ́ àti ilẹ̀ Kwara, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì máa ń wá sí ìhà Èkó kí ó tó kúrò nílẹ̀ yìí. Màmá ní òun ní ogún tọ́ọ̀nù tó ń bọ̀ ní sítọ̀ kan l'Ìkòròdú, ₦380,000, bí mo bá lè dé ibẹ̀ kí ọjọ́ Jímọ̀ tó tán. Mo ní mo máa dé.

Ẹ wá tún un kà pẹ̀lú mi. Owó tó ń wọlé ti di ₦1,020,000. Dísẹ̀lì àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú ẹrù, lítà 290, ₦319,000. Ìdá mẹ́wàá alárinà lójú méjèèjì, ₦102,000. Ojú ọ̀nà ₦80,000. Ó ku ₦519,000. Ọjọ́ márùn-ún jẹ ₦225,000. ₦294,000 ló kù, ₦58,800 lójúmọ́, mo sì máa ti wà nílé nígbà tí ẹni tó lọ Onitsha ṣì ń wá ẹni tí yóò já irin rẹ̀. Ẹní bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ìpè kan sí Ògbómọ̀ṣọ́ ló yí ẹrù tí kò pé padà sí ẹrù tó pé jù.

Kí n tó gbà, mo bá ẹlẹ́rù ọṣẹ sọ nǹkan mẹ́ta, a sì kọ ọ́ sórí wébìlì, ìwé tó ń bá ẹrù rìn. Àkọ́kọ́, ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá owó gbọ́dọ̀ wọ àpò mi kí mọ́tò tó kúrò. Èkejì, láti ìgbà tí mo bá dé, ọjọ́ kan lọ̀fẹ́; lẹ́yìn rẹ̀, ₦45,000 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá dá mi dúró. Ẹ̀kẹta, bí owó dísẹ̀lì bá yí padà kí wọ́n tó kó ẹrù, owó ẹrù náà á yí padà. Iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote ní Ìbẹ́jú-Lékkì bẹ̀rẹ̀ sí í ta dísẹ̀lì ní ọdún 2024, iye rẹ̀ sì ti lọ sókè sódò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti ìgbà náà. Nítorí náà lítà ni mo fi ń ka owó ẹrù lọ́kàn. ₦640,000 jẹ́ bíi lítà 580 lónìí. Bí dísẹ̀lì bá fi ọgọ́rùn-ún náírà lé e lọ́la, ₦640,000 náà kì í ṣe 580 mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Odogunyan

Kíkó ẹrù. Aago mẹ́jọ ni wọ́n ní ká wọlé, aago mọ́kànlá kọjá kí wọ́n tó ṣí ẹnu ọ̀nà.

Mi ò kì í fi iye páálí sílẹ̀ fún akọ̀wé ilé-iṣẹ́ nìkan. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn lọ́rì, mo ń fa ìlà kan sára pákó fún páálí mẹ́wàá mẹ́wàá, bí àwọn alábàárù ṣe ń kọjá. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí, akọ̀wé ní ó ti pé. Ìlà tèmi ní ó ku méjì. A kò jà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ka ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn yìí nìkan." A kà á, ó ku méjì lóòótọ́. Wọ́n gbé méjì wá. Páálí méjì ọṣẹ lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n l'Ìlọrin, ara owó mi ni wọn ì bá ti yọ ọ́.

Àsansílẹ̀ wọlé ní aago mẹ́rin ku díẹ̀. Mo dúró kí n rí i nínú báńkì mi fúnra mi. Àwòrán ìsanwó tí ènìyàn fi ránṣẹ́ lórí fóònù kì í ṣe owó.

A gba Ògijo jáde ní ìrọ̀lẹ́. Ojú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣàgámù ò jẹ́ kí ènìyàn sáré, kò sì yẹ kó sáré pẹ̀lú ẹrù. A sùn ní Ògèrè, níbi tí ọ̀pọ̀ mọ́tò ńlá máa ń sùn. Mo fẹ́ràn láti sùn níbẹ̀ nítorí ìròyìn: ẹni tó ń bọ̀ láti òkè á sọ ibi tí ọ̀nà ti dí, iye tí wọ́n ń ta dísẹ̀lì, ẹrù tó wà nílẹ̀.

Ọjọ́rú, lójú ọ̀nà

Ìbàdàn láàárọ̀, Iwo Road, Ọ̀jọ́ọ̀, Mọ́níyà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ gba wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ́wọ́ wa. Láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń rọra, nítorí ọ̀nà kan ṣoṣo ni àlọ àti àbọ̀ ń pín fún apá tó pọ̀ níbẹ̀, àwọn mọ́tò kéékèèké sì ń yọ jáde lójijì. Fọkanáísà kan lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ táyà fún wa, ₦8,000. A wọ Ìlọrin nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Sítọ̀ ti tì. Mo ní kí ọlọ́dẹ bá mi fọwọ́ sí aago tí a dé sórí wébìlì. Ó kọ́kọ́ ń ṣiyèméjì, mo ṣàlàyé fún un, ó fọwọ́ sí i. Láti ìgbà yẹn ni aago ọjọ́ kan ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, Ìlọrin

Ọ̀gá sítọ̀ dé ní ọ̀sán. Ó rí àdéhùn owó ìdádúró lórí wébìlì, ó ké sí àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin sí i, kí ó tó di aago márùn-ún wọ́n ti já gbogbo rẹ̀. Páálí pé. Owó tó kù wọlé kí n tó kúrò níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti wá bá mi. Ó rí lọ́rì òfìfo, ó ní òun ní kajú tó ń lọ tààrà sí Àpápá, ₦520,000. Ogóje ẹgbẹ̀rún náírà ló fi ju ti màmá Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì sọ ìdí tí mi ò fi lè gbé e.

Láti oṣù kejì ọdún 2021 ni mọ́tò tó ń lọ sí èbúté Àpápá ti ń gba ìpè kí ó tó wọlé, lórí ètò ayélujára kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ètò. Ó ní ọjọ́ tirẹ̀, ó ní ibi ìdúró tirẹ̀, ó ní owó tirẹ̀. Òfin ìrìnnà ní Ìpínlẹ̀ Èkó sì sọ pé kí tìrélà má rìn láàárín ìgboro Èkó láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di mẹ́sàn-án alẹ́, yàtọ̀ sí ọkọ̀ epo àti bọ́ọ̀sì ńlá. Ẹni tó bá ń gbé ẹrù ńlá gba ìlú kọjá gbọ́dọ̀ fi òru ro ìrìn rẹ̀. Bí mo bá dúró ọjọ́ mẹ́ta péré, ₦135,000 ti jáde nínú ₦140,000 yẹn. Mi ò tíì ka dísẹ̀lì tó lé, mi ò tíì ka bí mo ṣe máa padà sí Ìkòròdú lófìfo. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ Àpápá, tó mọ ìgbà tí ìpè rẹ̀ máa dé, lè jẹ èrè níbẹ̀ dáadáa. Mọ́tò mi kì í ṣe mọ́tò èbúté.

Yàtọ̀ sí èyí, mo ti fún màmá ní ọ̀rọ̀ mi. Bí mo bá já a kulẹ̀ nítorí ogóje ẹgbẹ̀rún, ta ni mo máa pè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nígbà tí ẹrù Ìlọrin mìíràn bá dé? Ẹni tó ń mú ẹrù àbọ̀ wá fún ènìyàn, owó mọ́tò ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, Ògbómọ̀ṣọ́

Màmá ti jí ṣáájú wa. "Dẹ́rẹ́bà, ẹ kú ìrìn o. Ẹ ò jẹ́ kójú tì mí." Ó ní kí wọ́n fún wa ní ẹ̀kọ àti àkàrà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ kí àwọn tí kò tíì gbé kajú rí gbọ́ èyí dáadáa. Ẹrù tó máa ń gbẹ ni kajú. Bí ó bá tutù nígbà tí o kó o, yóò gbẹ lójú ọ̀nà, ìwọ̀n rẹ̀ á dín, ẹni tó gbà á á ní ìwọ lo jí i. Nítorí náà mo máa ń ṣí àpò. Kì í ṣe èyí tó wà lókè nìkan. Mo máa ń tọ́ka sí àpò ìdọ̀họ kan láàárín, kan nísàlẹ̀, wọ́n á tú u. Mo á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Èyí tó gbẹ máa ń ró ṣàrà-ṣàrà bí o bá bù ú sókè tí o jẹ́ kó padà bọ́ sínú àpò, ọwọ́ rẹ á sì jáde pẹ̀lú eruku. Èyí tó tutù kì í ró bẹ́ẹ̀, ó máa ń wúwo lọ́wọ́, ọwọ́ á sì rin. Nínú àwọn tí a ṣí, ẹyọ kan ni mi ò fẹ́ràn ìró rẹ̀. Màmá fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ, ó ní kí wọ́n gbé e sẹ́yìn, kí wọ́n tú u sójú oòrùn, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà a gun orí òṣùwọ̀n. Ní òfìfo lákọ̀ọ́kọ́, kí a mọ ohun tí mọ́tò nìkan wọ̀n; lẹ́yìn tí a di í tán, lẹ́ẹ̀kejì. Àpò 250, kìlò bíi ọgọ́rin lọ́kọ̀ọ̀kan, ogún tọ́ọ̀nù. A kọ ọ́ sórí wébìlì pé bí ìwọ̀n bá dín tó kìlò àádọ́ta, ti gbígbẹ ni, a ò ní yọ ọ́ lára owó mọ́tò. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tèmi ni. Màmá ò jiyàn. Ẹni tó mọ kajú kì í jiyàn ọ̀rọ̀ yìí.

Àsansílẹ̀ ìdá méje nínú mẹ́wàá. A kí Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́bàá sítọ̀, a fa tàpólì bò ó nígbà méjì, a so ó. Òjò kan sì mú wa lẹ́yìn Ọ̀yọ́, kì í ṣe èyí tó pọ̀ púpọ̀. A dúró, mo gòkè, mo fọwọ́ kan àpò tó wà níbi tí a ti rán ihò lọ́jọ́ Àìkú. Ó gbẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìkòròdú

A gba Ṣàgámù wọlé kùtùkùtù, kí àwọn mọ́tò tó pọ̀ ní Ògijo. A dé sítọ̀ ní aago mẹ́sàn-án. Òṣùwọ̀n tiwọn ní kìlò márùndínlógójì ló dín. Ó wà nínú àdéhùn, wọ́n san owó tó kù láìsí ọ̀rọ̀.

Ìwé wá rí báyìí. Dísẹ̀lì mu lítà 305 dípò 290, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìbàdàn àti ẹ́ńjìnnì tí a kò pa nígbà tí a dúró nínú òjò ló fà á: ₦16,500 lórí ohun tí mo ti rò. Fọkanáísà, ₦8,000. ₦494,500 ló wọlé lẹ́yìn ìnáwó ọ̀nà. Mo yọ ₦225,000 ọjọ́ márùn-ún, mo sì pín in bó ṣe yẹ kí a pín in: ti táyà sí àkáǹtì táyà, ti àtúnṣe sí tirẹ̀, ti ọmọ mọ́tò sí ọwọ́ rẹ̀, tèmi sí ilé. ₦269,500 ló jẹ́ èrè mọ́tò, ₦53,900 lójúmọ́. Ó dín sí ohun tí mo kọ lọ́jọ́ Ajé, ó sì ṣì fi ₦20,000 lójúmọ́ ju ohun tí mo rí nínú irin Onitsha.

Alárinà pè nígbà tí a ń fọ mọ́tò. Símẹ́ńtì ni, irinwó àpò láti Ṣàgámù sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé kan ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n ní kí a gba Ìmọ́tà àti Itoikin. Ó ní ₦230,000. Mo bi í léèrè ohun mẹ́ta: ta ni yóò já a, ṣé ojú ilẹ̀ ibẹ̀ le tó fún ogún tọ́ọ̀nù bí òjò bá rọ̀, ṣé ẹrù kankan wà ní Ẹ̀pẹ́ tó ń bọ̀ níbí? Èkejì nìkan ló rí ìdáhùn sí. Mo ní kó bá mi pe ẹni tó ni ilé náà kí n bá a sọ̀rọ̀, àti pé lófìfo bọ̀, ₦270,000 ni, kí wọ́n sì parí jíjá rẹ̀ kí aago méjì ọ̀sán tó lù. Ó ní òun á pè mí padà ní ìrọ̀lẹ́.